Bí mo ṣe ń fi mọ́dù synth ṣe pẹ́dà gìtá, kí ẹ̀yin náà lè ṣe é

Ẹ̀yin ará mi tẹ́ ẹ̀ ń ta gìtá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti pẹ́ tí mo ti ní kí n kọ nǹkan yìí, torí gbogbo ìgbà tá a bá lọ ṣeré lóde, ì báà jẹ́ Ìjẹ̀bú-Igbó, ì báà jẹ́ Ṣágámù, tá a bá ti ń palẹ̀ mọ́ ẹnì kan á wá bá mi pé bọ̀ọ̀dá, àpótí wo lẹ gbé síwájú yẹn tí wáyà kún inú ẹ̀, kí lẹ ń ṣe fún gìtá yẹn tó fi ń sọ̀rọ̀ bí èèyàn. Mo máa ń ṣàlàyé díẹ̀ lórí ìdúró àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí kọjá ìdúró, ẹ jẹ́ ká jókòó sọ ọ́.

Àpótí yẹn ni modular synthesizer. Synth tí gbogbo wa mọ̀, èyí tí wọ́n ń tẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ti so gbogbo inú ẹ̀ pọ̀ kó tó dé ọjà. Modular ò rí bẹ́ẹ̀, ẹyọ ẹyọ ni wọ́n ń tà á, ẹyọ kan yẹn la ń pè ní mọ́dù, mọ́dù kan lè jẹ́ filter nìkan (èyí tó ń gé ohùn òkè tàbí ti ìsàlẹ̀ kúrò), òmíràn delay nìkan (tó ń tún ohùn sọ bíi gbohùngbohùn), òmíràn ò ní ohùn kankan lára ẹ̀, iná tó ń lọ sókè sódò ló kàn ń gbé jáde. Ó dà bí ìgbà tẹ́ ẹ lọ Òkè-Ajé tẹ́ ẹ ra ewùrà lọ́tọ̀, ra epo lọ́tọ̀, ra ẹja lọ́tọ̀, tẹ́ ẹ wá délé se ìkọ́kọrẹ́ bó ṣe wù yín. Irú èyí tó pọ̀ jù láyé báyìí ni wọ́n ń pè ní Eurorack, Dieter Doepfer ará Jámánì ló gbé ìwọ̀n ẹ̀ kalẹ̀ ní 1996: gíga gbogbo mọ́dù jẹ́ 128.5 mm, ihò jákì ẹ̀ jẹ́ 3.5 mm, bíi ti ẹnu wáyà tá a fi ń gbọ́ orin lórí fóònù àtijọ́, ilé iṣẹ́ tó bá sì wù yín lẹ ti lè ra mọ́dù, wọ́n á jọ wọnú àpótí kan náà. Ìyẹn ló jẹ́ kó wù mí. Pẹ́dà gìtá, àpótí kékeré tá a ń fẹsẹ̀ tẹ̀ láti yí ohùn gìtá padà, ẹni tó ṣe é ló ti pinnu ohun tó máa ṣe, àmọ́ èyí, ẹ̀yin lẹ máa pinnu.

Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń gbé ní Jámánì ló kọ́kọ́ gbé àpótí kékeré kan wá fún mi, mọ́dù mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Inú mi dùn débi pé lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni mo wá wáyà tó ní jákì ńlá lẹ́nu kan, jákì kékeré lẹ́nu kejì, mo ki gìtá bọ inú filter, mo ta á. Ohùn tó jáde dà bí ẹni tó ń pe èèyàn láti Ìmọ̀wò tẹ́ ẹ dẹ̀ wà ní Ṣágámù. Kò lágbára, kò dùn, ńṣe ló rí bí ìgbà tí wọ́n fi aṣọ bo sípíkà lójú. Mo rò pé mọ́dù yẹn ti bàjẹ́ lọ́nà. Kò bàjẹ́ o, èmi ni mi ò mọ̀ pé nǹkan méjì ló ń ṣẹlẹ̀.

Àkọ́kọ́, gìtá ò lágbára tó. Ohun tó ń jáde lára gìtá tí ò ní bátìrì nínú, tẹ́ ẹ bá ta á wọ́ọ́rọ́wọ́, kì í pọ̀ ju nǹkan bíi 0.2 fóòtì lọ (volt, ìwọ̀n agbára iná), kódà èyí tí pickup ẹ̀ (ohun abẹ́ okùn tó ń sọ ìgbọ̀n okùn di iná) le dáadáa, tẹ́ ẹ bá ta á kíkankíkan, bíi fóòtì 1 ló máa ṣe. Àmọ́ nínú Eurorack, ohùn tí àwọn mọ́dù ń bá ara wọn sọ máa ń tó fóòtì 10 láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ẹ wo 0.2 lẹ́gbẹ̀ẹ́ 10, ìlọ́po 50 nìyẹn. Ìkejì ni pé pickup gìtá ò fẹ́ kí nǹkan tó wọnú ẹ̀ máa fà á lágbára jù. Ẹnu ámpù gìtá, megaohm 1, ìyẹn kiloohm 1,000, ni wọ́n sábà máa ń ṣe é (ohm ni ìwọ̀n bí nǹkan ṣe ń dí iná lọ́nà tó), kò fẹ́rẹ̀ẹ́ fa nǹkan kan lára gìtá. Ẹnu mọ́dù tó pọ̀ jù, 100 kiloohm ni, ìyẹn ń fa gìtá ní ìlọ́po mẹ́wàá, ohùn tín-ín-rín òkè yẹn ló dẹ̀ máa kọ́kọ́ lọ. Ìdí tó fi ń dún bí ohun tí wọ́n faṣọ bò nìyẹn.

Ìkejì yẹn ló rọrùn láti tún ṣe. Ẹ wá pẹ́dà kan tó ní buffer nínú (ohun tó ń gba ohùn gìtá láìfà á, tó wá ń gbé e lọ síwájú), ẹ fi sáàárín gìtá àti àpótí. Tẹ́ ẹ bá ní pẹ́dà Boss nílé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, torí ọ̀pọ̀ jù nínú Boss, tó bá wà ní pípa pàápàá, buffer inú ẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹ ṣáà rí i pé iná wọnú ẹ̀. Tuner ni mo fi síbẹ̀ ní tèmi, mo fi ń tún okùn ṣe, ó dẹ̀ tún ń bá mi ṣe buffer.

Ti àkọ́kọ́ yẹn, ẹ nílò mọ́dù tó máa gbé ohùn gìtá sókè. Èmi ń lo Doepfer A-119, mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, torí ọ̀nà mẹ́ta ló ń jáde lára ẹ̀: ohùn gìtá yín tó ti gbé sókè, iná tó ń tẹ̀lé bẹ́ ẹ ṣe ń ta á, àti iná tó kàn ń sọ pé "ó ti ta á" tàbí "kò ta á". Strymon náà ní èyí tí wọ́n ń pè ní AA.1, ó ń gbé ohùn sókè ó dẹ̀ tún ń gbé e wálẹ̀ padà, ó dáa, àmọ́ kò ní ọ̀nà méjì tó kù yẹn, ọ̀nà méjì yẹn dẹ̀ ni gbogbo adùn ọ̀rọ̀ yìí fún èmi.

Bẹ́ ẹ ṣe máa tún un ṣe nìyí: ẹ ta gìtá kíkan bẹ́ ẹ ṣe máa ta á tí orin bá ti gbóná lóde, kì í ṣe bẹ́ ẹ ṣe ń ta á nínú yàrá lóru o, ẹ máa yí gain, nọ́ọ̀bù tó ń gbé ohùn sókè, díẹ̀díẹ̀ títí ohùn á fi bẹ̀rẹ̀ sí í ya, ẹ wá dá a padà sẹ́yìn díẹ̀. Tó bá jẹ́ filter alánálọ́ọ̀gì ló tẹ̀ lé e, tó bá ya díẹ̀ kò burú, ó tiẹ̀ ń dùn. Tó bá jẹ́ mọ́dù dígítà, ẹ má jẹ́ kó ya rárá, yíya tiẹ̀ burú létí, bí ìgbà tí wọ́n ń fa páànù nílẹ̀.

Ó yá, ibi tí mo ń bọ̀ gan-an rèé. Ẹ rò ó wò bí onígángan ṣe ń ṣe. Kì í kàn fi kọ̀ǹgọ́ lu awọ. Bó ṣe ń lù ú, ọwọ́ kejì àti ìhà ẹ̀ ló fi ń fún ọsán, tó bá fún un, ohùn lọ sókè, tó bá dẹ̀ ẹ́, ohùn wálẹ̀, ìyẹn ni ìlù fi ń sọ̀rọ̀. Gìtá ò ní ọsán tá a lè fún. Àmọ́ iná tó ń jáde lára A-119 yẹn, èyí tó ń tẹ̀lé bẹ́ ẹ ṣe ń ta á, tí wọ́n ń pè ní envelope follower, ọsán ni. Tẹ́ ẹ bá ta okùn kíkan, iná yẹn fò sókè, bí okùn ṣe ń rọlẹ̀ lòun náà ń rọlẹ̀. Ibi tẹ́ ẹ bá wá fi wáyà gbé iná yẹn lọ, ibẹ̀ ni ìka yín á ti máa fún nǹkan.

Ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ sára filter. Ohùn gìtá tó ti lọ sókè, ẹ ki í bọ ẹnu filter. Iná envelope yẹn, ẹ ki í bọ ihò tó ń darí cutoff, ìyẹn ibi tí filter ti ń gé ohùn. Ẹ wá yí cutoff wálẹ̀ títí gìtá á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ má dún mọ́, ẹ gbé resonance (tó ń mú kí ibi tó ti gé yẹn dún síta) sókè díẹ̀, ibi tí ọwọ́ kékeré aago máa ń wà tó bá lu méjì, ẹ wá máa yí nọ́ọ̀bù tó ń dín envelope kù láti òdo lọ sókè bẹ́ ẹ ṣe ń ta gìtá. Ẹ máa gbọ́ ọ tí gìtá á máa sọ "wá-ò", "wá-ò". Tẹ́ ẹ bá ta á jẹ́ẹ́, ẹnu ẹ̀ á là díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ta á kíkan, ẹnu ẹ̀ á là gbàgà. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, mo ta á títí ilẹ̀ fi mọ́, mi ò parọ́.

Ẹnì kan lè ní ṣebí auto-wah náà nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni, òun ni, pẹ́dà Mu-Tron III ti ń ṣe irú ẹ̀ láti 1972, Bob Moog, àgbà nínú àwọn tó ń ṣe synth, náà gbé pẹ́dà Moogerfooger jáde ní 1998, ó fi filter àti envelope follower sínú ọ̀kan nínú wọn. Àmọ́ inú pẹ́dà auto-wah lásán, iná yẹn ò lè lọ síbòmíràn. Nínú àpótí tiyín, ẹ lè pín in sọ́nà mẹ́ta, kí ọ̀kan máa ṣí filter, kí ọ̀kan máa darí bí delay ṣe ń pọ̀ tó, kí ọ̀kan máa mú LFO (mọ́dù tó ń gbé iná lọ sókè sódò fúnra ẹ̀) yára. Ẹ tún lè dojú ẹ̀ délẹ̀, tẹ́ ẹ bá ní mọ́dù tó ń yí iná padà, kó wá jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá ta á kíkan ni reverb (ohùn tó ń dún bíi ti inú gbọ̀ngàn ńlá) máa pa, tẹ́ ẹ bá dákẹ́ ló máa yọ jáde. Èyí wúlò gan-an tí olórin bá ń kọrin, torí tẹ́ ẹ bá ń ta gìtá lọ kò ní dí ohùn ẹnikẹ́ni, àárín tí ẹ bá fi sílẹ̀ ni yóò kún.

Ibì kan wà tó máa ń da èèyàn láàmú níbí. Tí envelope yín bá yára jù, filter á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ohùn á máa rẹ́ bíi sáńdìpépà. Okùn tó nípọn jù lára gìtá ń gbọ̀n ní ìgbà 82 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìgbọ̀n kan gba nǹkan bíi mílísẹ́kọ́ńdì 12, envelope tó bá yára jù á máa tẹ̀ lé ìgbọ̀n yẹn fúnra ẹ̀ dípò kó tẹ̀ lé ọwọ́ yín. Ẹ fi slew limiter (mọ́dù tó ń mú kí iná máa rọra lọ rọra bọ̀) sáàárín, tàbí tí follower yín bá ní nọ́ọ̀bù decay, ẹ jẹ́ kó gùn dé 100 mílísẹ́kọ́ńdì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ fi etí yín wọ̀n ọ́n. Gìtá béèsì ń fẹ́ kó gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀nà kẹta, iná tó ń sọ "ó ti ta á" yẹn, gate lorúkọ ẹ̀. Ẹ yí threshold (ìwọ̀n tí ohùn gbọ́dọ̀ dé kó tó sọ̀rọ̀) títí iná kékeré ojú ẹ̀ á fi máa tàn lẹ́ẹ̀kan péré tẹ́ ẹ bá ti ta okùn. Ẹ wá gbé e lọ sára sample and hold (mọ́dù tó ń mú iye kan látinú noise, iná aláìlétò, tó sì ń dì í mú), ẹ gbé ìyẹn lọ sára filter, gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá ta okùn tuntun ni filter máa bọ́ sí ibòmíràn tẹ́nikẹ́ni ò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Mi ò kì í lò ó fún odindi orin, ó máa ń sú èèyàn, àmọ́ fún ìlà mẹ́jọ láàárín orin, ó dùn.

Tremolo, ohùn tó ń gbọ̀n sókè sódò, ò le rárá, VCA kan (mọ́dù tí iná fi ń gbé ohùn sókè tàbí wálẹ̀) àti LFO kan, LFO ní bíi ìgbà 5 ní ìṣẹ́jú àáyá, ó tán. Delay náà ò le, ẹ pín 60,000 sí bí orin ṣe yára tó (iye lílù ní ìṣẹ́jú kan), orin tó ń lọ ní 120, lílù kan jẹ́ mílísẹ́kọ́ńdì 500, ẹ yí delay síbẹ̀, tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó máa gba àárín ìlù kọjá, 375. Fún reverb àti àwọn ohùn tó ń fọ́ gìtá sí wẹ́wẹ́, Clouds ni mo fẹ́ràn jù, Émilie Gillet ló ṣe é lábẹ́ Mutable Instruments ní Faransé. Wọn ò ṣe é mọ́ báyìí, àmọ́ ó fi àwòrán iṣẹ́ inú ẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ayé, àwọn ẹlòmíràn ń ṣe irú ẹ̀ kékeré tà, ohùn kan náà ni.

Ring modulator ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi sùúrù bá ṣeré. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń gba ohùn gìtá yín àti ohùn oscillator kan (mọ́dù tó ń dá ohùn tiẹ̀ gbé jáde), ó ń fi wọ́n kún ara wọn, ó dẹ̀ tún ń yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì. Tẹ́ ẹ bá ta okùn tó jẹ́ 440 Hz (ìyẹn ìgbọ̀n 440 ní ìṣẹ́jú àáyá kan), tí oscillator wà ní 700, 1140 àti 260 lẹ máa gbọ́, méjèèjì ò bá ara wọn mu, etí á gbọ́ ọ bí irin. Agogo ni! Tẹ́ ẹ bá wá pa á pọ̀ mọ́ VCA tó ń yára pa, gìtá yín á di agogo tó ń lu kóńkóló lẹ́yìn àwọn onílù. Èmi máa ń fi oscillator síbi tó bá kíì orin yẹn mu díẹ̀, kì í ṣe kó bá a mu pátápátá, torí tó bá bá a mu tán kò ní dún bí irin mọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ohun tí ẹ ò gbọ́dọ̀ gbàgbé rèé: ẹ má jẹ́ kí àpótí gbé gbogbo gìtá mì. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbé e lọ fún ìdánrawò, mo ki gbogbo gìtá gba inú filter, ọ̀gá ẹgbẹ́ wa dá orin dúró, wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, gìtá dà? Mò ń gbọ́ nǹkan, mi ò gbọ́ gìtá." Mo ní, "Ẹ má bínú sà, ẹ jẹ́ n tún un ṣe." Òótọ́ ni wọ́n sọ. Nínú jùjú, gìtá mẹ́ta mẹ́rin ló ń bá ara wọn hun ọ̀rọ̀, tí ọ̀kan bá lọ rì sínú omi, aṣọ yẹn ti ya. Ṣebí Sunny Ade mú pedal steel wọ jùjú, kò ba ìhun yẹn jẹ́, ó wá àyè fún un ni. Látọjọ́ yẹn, mo máa ń pín gìtá sí méjì kí ó tó wọ filter, ọ̀kan lọ tààrà sínú míkísà kékeré inú àpótí, ọ̀kan gba inú àwọn mọ́dù, míkísà wá pa wọ́n pọ̀. Ìdajì sí ìdajì ló sábà ń dáa lóde.

Tó bá ń jáde lọ sí ámpù, ẹ gbọ́dọ̀ gbé ohùn wálẹ̀ padà. Ẹ má ki fóòtì 10 bọ ẹnu ámpù gìtá, á pariwo mọ́ yín lórí. Tí ẹ ò bá ní mọ́dù tó ń ṣe é, attenuator lásán, nọ́ọ̀bù tó ń dín ohùn kù, tẹ́ ẹ yí wálẹ̀ dáadáa á ṣe é, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Tó bá jẹ́ míkísà ńlá àwọn onísáúńdì ló ń lọ, ẹnu line ni kí wọ́n fún yín, ibẹ̀ lè gbà ju ti ámpù lọ. Torí ẹsẹ̀ wa ló ń ṣiṣẹ́ tá a bá ń ta gìtá, mo fi pẹ́dà bypass loop kan sílẹ̀, tí mo bá tẹ̀ ẹ́, gìtá wọnú àpótí, tí mo bá tún tẹ̀ ẹ́, gìtá gba ẹ̀yìn lọ tààrà, bí nǹkan bá tiẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí àpótí láàárín orin, gìtá ò ní dákẹ́.

Ọ̀rọ̀ iná wá kù, ẹ fara balẹ̀ níbí torí ibẹ̀ ni owó ti ń jóná. Mọ́dù Eurorack ń lo +12 àti -12 fóòtì, wáyà pẹlẹbẹ kan ló ń gbé e, etí kan ẹ̀ pupa. Pupa yẹn, ẹ̀gbẹ́ -12 ló máa ń wà. Ẹ wo ẹ̀yìn mọ́dù, wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ síbẹ̀, kẹ́ ẹ tó tan iná ẹ wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo ra mọ́dù àlòkù kan, ẹni tó tà á fún mi ti ki wáyà náà sẹ́yìn ẹ̀ lódìkejì, mi ò wò ó, mo tanná, òórùn jáde, ó tán. Ẹ tún ro iye iná tí mọ́dù kọ̀ọ̀kan ń jẹ pọ̀, mílíámpù ni wọ́n fi ń kọ ọ́, kò gbọdọ̀ tó gbogbo ohun tí páwà yín lè gbé, ẹ fi bí ìdá mẹ́rin kan sílẹ̀. Ní tòde, ínfátà dáa ju jẹ́n lọ, tó bá sì jẹ́ jẹ́n, ẹ fi sítábíláísà sáàárín. Tí gìtá bá ń kùn hùn-ún, ẹ gbé e jìnnà sí páwà àpótí, pickup oníkóìlì kan ló máa ń gbọ́ ọ jù. Ariwo wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ tó ń jáde tẹ́ ẹ ò bá ta nǹkan kan, gain yẹn ló gbé e sókè pẹ̀lú gìtá, ẹ fi envelope yẹn kan náà ṣí VCA kan ní ìparí, tẹ́ ẹ bá ti dákẹ́ VCA á pa, ariwo á bá a lọ.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ti ń ṣírò owó. Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Tẹ́ ẹ bá ní láàpútọ́ọ̀pù àti sáúńkáàdì tó ní ẹnu gìtá, ẹ lọ wa VCV Rack sílẹ̀, èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́ wà níbẹ̀, Eurorack ni wọ́n yà sójú kọ̀ǹpútà, wáyà lẹ máa fi máúsì fà. Audible Instruments tó wà níbẹ̀, àwọn mọ́dù Mutable ni, Clouds wà nínú ẹ̀. Bogaudio ní envelope follower. Gbogbo ohun tí mo sọ lókè yìí lẹ lè dán wò níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó mọ mọ́dù tẹ́ ẹ nílò gan-an, ìyàtọ̀ kan ni pé kọ̀ǹpútà máa ń fa ẹsẹ̀ díẹ̀ kí ohùn tó jáde, ẹ dín buffer sáúńkáàdì (kì í ṣe ti pẹ́dà o, iye ohùn tí kọ̀ǹpútà ń kó jọ kó tó gbé e jáde ni) kù sí 128 tàbí kó kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ tó bá lè gbé e.

Ohun tó kẹ́yìn, àpótí yìí kì í rántí nǹkan kan. Tẹ́ ẹ bá rí ohùn tó dùn, kẹ́ ẹ tó fa wáyà kan yọ, ẹ fi fóònù ya á, ẹ ya á lókè, ẹ ya á ní ẹ̀gbẹ́ kí wáyà má bo nọ́ọ̀bù, kẹ́ ẹ tún gba bí ó ṣe ń dún sílẹ̀. Èmi máa ń gé téèpù funfun pẹlẹbẹ lẹ nọ́ọ̀bù tí mo bá máa yí lóde, mo fi báírò fa ìlà méjì sí i, ọ̀kan ibi tó máa wà tí olórin bá ń kọrin, ọ̀kan ibi tó máa lọ tí wọ́n bá ní kí gìtá sọ̀rọ̀.